Bí Ransomware Bá Ti Fáìlì Yín Pa, Ẹ Má Tíì Fọ́ọ̀máàtì

Ní Ìbàdàn níbí, bí kọ̀ǹpútà ilé bá ti ń ṣe ségesège, ìmọ̀ràn tí gbogbo ènìyàn máa ń gbani kò ju ẹyọ kan lọ: ẹ gbé e lọ bá Ẹnjiníà ní Dùgbẹ̀ tàbí ní Ìwó Road, kí ó fọ́ọ̀máàtì rẹ̀, kí ó fi Windows tuntun sí i, kí ayé sì máa lọ. Fún fáírọ́ọ̀sì tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kí ó mú ẹ̀rọ falẹ̀ tàbí kí ó máa da ìpolówó sí wa lójú, n kò rí àléébù nínú ìmọ̀ràn náà. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ ransomware ni ó wọlé, èyíinì kòkòrò kọ̀ǹpútà tí ó máa ń ti fáìlì pa kí àwọn tí ó rán an tó wá béèrè owó ìtúsílẹ̀, fọ́ọ̀máàtì ni ó máa ń bá àwọn ọ̀daràn náà parí iṣẹ́ wọn. Fáìlì tí wọ́n tì pa ṣì wà lórí dísíìkì. Èyí tí a bá fọ́ọ̀máàtì ti lọ. Mo ti rí àwọn ènìyàn tí wọ́n fi ìkánjú sọ ohun tí wọn ì bá rí gbà padà nù, ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ ọ̀rọ̀ yìí.

Láptọ́ọ̀pù àǹtí mi kan tí wọ́n ń gbé ní Orógùn ni n ó fi ṣe àpẹẹrẹ, wọ́n sì ti fún mi láyè kí n kọ ọ́. Olùkọ́ tí ó ti fẹ̀yìntì ni wọ́n, àwọn náà sì ni akọ̀wé ẹgbẹ́ àwọn ìyá ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn, nítorí náà inú láptọ́ọ̀pù yẹn ni àkọsílẹ̀ ìpàdé, ìṣirò owó àjọ, àwòrán ìsìnkú bàbá wọn àti fídíò ayẹyẹ náà wà. Ọmọ wọn ọkùnrin nílò ètò tí a fi ń gé fídíò fún iṣẹ́ tí wọ́n fún un níléèwé, ó sì lọ dáúnlóòdù ẹ̀dà tí wọ́n ti kíráàkì, èyí tí fáìlì kékeré kan bá wá, tí wọ́n ní kí ó tẹ̀ kí ètò náà lè gbà pé wọ́n ti sanwó òun. Fáìlì kékeré yẹn ni ó gbé ẹrù wọlé. Ìlànà tí ó bá kíráàkì náà wá tilẹ̀ sọ pé kí ó kọ́kọ́ pa Defender, èyí tí ó ń ṣọ́ Windows, ó sì pa á. Ó máa ń yà mí lẹ́nu pé ìlànà bẹ́ẹ̀ kì í fu àwọn ọ̀dọ́ wa lára.

Lẹ́yìn èyí ni fèrèsé kan yọ lójú ẹ̀rọ, ó jọ ti Windows Update pátápátá, ó ní àtúnṣe ń lọ lọ́wọ́, kí wọ́n má pa ẹ̀rọ náà. Ayédèrú ni. Ẹ̀yìn fèrèsé yẹn ni ransomware náà sápamọ́ sí tí ó ń ti fáìlì pa lọ́kọ̀ọ̀kan. Iṣẹ́ náà kò tíì parí nígbà tí iná lọ, bátìrì láptọ́ọ̀pù náà sì ti gbó tí kò lè gbé e mọ́, ni ẹ̀rọ bá kú. Ẹ̀yin tí ẹ ń bú NEPA tọ̀sán-tòru, ó ní ọjọ́ tí wọ́n máa ń ṣeni lóore. Àmọ́ nígbà tí iná dé, wọ́n tún tan ẹ̀rọ náà, òun náà sì ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ láti ibi tí ó dé dúró.

Ẹni tí kò bá rí i rí lè má tètè mọ ohun tí ó ń wò. Nínú fódà àwòrán, fáìlì tí ó ń parí sí .jpg tẹ́lẹ̀ ti ní lẹ́tà mẹ́rin mìíràn lẹ́yìn .jpg yẹn, àwòrán kékeré tí a fi máa ń dá wọn mọ̀ ti di ojú ìwé funfun, bí a bá sì tẹ̀ wọ́n, Windows yóò béèrè pé ètò wo ni kí òun fi ṣí i. Inú fódà kọ̀ọ̀kan ni fáìlì tuntun kan wà tí ó ń jẹ́ _readme.txt. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́, ó sì ní kí ẹni tí ó ni kọ̀ǹpútà má fòyà, gbogbo fáìlì rẹ̀ ni yóò gbà padà; dọ́là 980 ni owó rẹ̀, ṣùgbọ́n bí ó bá kàn sí wọn láàárín wákàtí 72, ìdajì ni wọn yóò gbà, èyíinì dọ́là 490; wọn yóò sì ṣí fáìlì kan fún un lọ́fẹ̀ẹ́ kí ó lè mọ̀ pé àwọn kò purọ́. Àǹtí mi wọ awò wọn, wọ́n sì tún ibẹ̀ kà. “Wọ́n tún ń dín owó!” ni wọ́n wí. “Àfi bí ẹni tí ó ń ta aṣọ ní Gbági.”

Kí n tó débẹ̀, aládùúgbò kan tí inú rẹ̀ dára ti ki fíláàṣì bọ láptọ́ọ̀pù náà kí ó lè bá wọn kó ohun tí ó ṣẹ́ kù. Kí ó tó kó nǹkan kan tán, àwọn ìwé tirẹ̀ tí ó wà lórí fíláàṣì náà ti gba lẹ́tà mẹ́rin yẹn mọ́ orúkọ. Kì í ṣe pé orí rẹ̀ kò bá a ṣe é. Irú ransomware yìí máa ń kọ orúkọ ara rẹ̀ sínú ètò tí Windows fi ń pe iṣẹ́ ní àsìkò, kí wọ́n lè máa jí i ní ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún, ohun tuntun tí ó bá sì bá níbẹ̀ nígbà tí ó bá jí ni yóò tì pa.

Nítorí náà, ohun àkọ́kọ́ tí ó yẹ ní ṣíṣe kò ju kí a mú ọwọ́ rẹ̀ dúró. Ẹ pa Wi-Fi tàbí hotspot fóònù tí ẹ̀rọ náà ń lò, ẹ yọ fíláàṣì àti háàdì dísíìkì ìta tí ó bá wà lára rẹ̀, ẹ má sì fi òmíràn sí i. Bí ẹ bá rí i pé fáìlì ṣì ń yí orúkọ padà lójú yín, ẹ tẹ bọ́tìnnì tí a fi ń tan ẹ̀rọ, kí ẹ dì í mú títí yóò fi kú. Mo mọ̀ pé àwọn onímọ̀ kan kì í fẹ́ kí a pa ẹ̀rọ, nítorí pé kọ́kọ́rọ́ tí a fi ń ṣí fáìlì lè ṣì wà nínú mẹ́mọ́rì rẹ̀. Ó ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀ lóòótọ́ ní ọdún 2017 pẹ̀lú ransomware kan tí ó ń jẹ́ WannaCry, nígbà tí ètò kan tí ó ń jẹ́ wanakiwi rí kọ́kọ́rọ́ yọ nínú àwọn ẹ̀rọ Windows XP àti Windows 7 tí wọn kò tíì pa. Ní tèmi, fún ẹ̀rọ ilé, àwòrán tí ẹ bá fi pípa ẹ̀rọ gbà là báyìí sàn ju kọ́kọ́rọ́ tí ẹnikẹ́ni lè má rí lọ.

Lẹ́yìn náà ni ìbéèrè tí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń fò kọjá: irú wo ni? Orúkọ ransomware pọ̀ rẹpẹtẹ, ohun tí ó sì ṣeé ṣe fún ọ̀kan kò ṣeé ṣe fún èkejì. Ojúlé kan wà tí ó ń jẹ́ ID Ransomware, tí onímọ̀ ààbò kọ̀ǹpútà kan, Michael Gillespie, dá sílẹ̀, níbi tí ènìyàn lè fi ìwé tí àwọn ọ̀daràn náà kọ àti fáìlì kan tí wọ́n tì pa ránṣẹ́, tí wọn yóò sì sọ irú tí ó jẹ́ fún un lọ́fẹ̀ẹ́. Òmíràn ni No More Ransom, tí àwọn ọlọ́pàá ilẹ̀ Netherlands, Europol tí ó jẹ́ àjọ ọlọ́pàá ilẹ̀ Yúróòpù, àti àwọn ilé-iṣẹ́ ààbò kọ̀ǹpútà Kaspersky àti Intel Security jọ dá sílẹ̀ ní oṣù Keje ọdún 2016. Lọ́fẹ̀ẹ́ ni tiwọn náà, wọ́n sì kó àwọn ètò tí a fi ń ṣí fáìlì jọ síbẹ̀. Ẹ̀rọ mìíràn ni kí ẹ fi lọ síbẹ̀. Lórí láptọ́ọ̀pù àǹtí mi, bí a bá pe ojúlé èyíkéyìí tí ó jẹ mọ́ ààbò kọ̀ǹpútà, kò ní ṣí. Ẹni tí kò bá mọ̀ yóò rò pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni. Ransomware náà ti kọ orúkọ àwọn ojúlé wọ̀nyẹn sínú fáìlì hosts inú Windows kí ẹ̀rọ má baà rí ọ̀nà débẹ̀.

Èyí tí ó mú àǹtí mi ni STOP, tí wọ́n tún ń pè ní Djvu. Láti ọdún 2018 ni ó ti ń jà, kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ wá ilé-iṣẹ́ ńlá lọ. Àwọn onílé, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti àwọn onífọ́tò tí wọ́n ń lo kíráàkì ni ó ń bá jà. Ìwà rẹ̀ kan wà tí ó yẹ kí gbogbo ẹni tí ó bá mú mọ̀. Kí ó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ó máa ń gbìyànjú láti kàn sí ẹ̀rọ àwọn ọ̀gá rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì kí ó lè gba kọ́kọ́rọ́ tí ó jẹ́ ti kọ̀ǹpútà yẹn nìkan. Bí kò bá rí wọn bá sọ̀rọ̀, kọ́kọ́rọ́ kan tí ó ti gbé dání ni yóò lò, ọ̀kan náà ni ó sì jẹ́ fún gbogbo ẹni tí ẹ̀dà ransomware yẹn bá mú tí kò sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Bí ẹnì kan nínú wọn bá wá rí kọ́kọ́rọ́ yẹn gbà tí ó sì fún àwọn onímọ̀, gbogbo àwọn yòókù lè bá a ṣí tiwọn. Ẹni tí data rẹ̀ tán ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ni orí bá ṣe é.

Bí a ṣe ń mọ èyí tí ó jẹ́ tiwa kò le. Lórí dísíìkì C, fódà kan wà tí wọ́n ń pè ní SystemID, inú rẹ̀ ni PersonalID.txt wà. Bí ọ̀wọ́ lẹ́tà àti nọ́ńbà tí ó wà níbẹ̀ bá parí sí t1, kọ́kọ́rọ́ àjùmọ̀lò ni wọ́n lò. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ti kọ̀ǹpútà yẹn nìkan ni. Ó tún lè ju ìlà kan lọ, nígbà tí apá kan fáìlì bá gba kọ́kọ́rọ́ kan tí apá kejì sì gba òmíràn, nítorí náà kí a má wo ìlà àkọ́kọ́ kí a sì pa ìwé náà dé. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2019, ilé-iṣẹ́ Emsisoft pẹ̀lú Gillespie gbé ètò ìṣí kan jáde lọ́fẹ̀ẹ́ tí ó ń ṣiṣẹ́ fún oríṣi STOP 148. Ṣùgbọ́n àwọn ọ̀daràn náà ti yí ọwọ́ padà ní oṣù Kẹjọ ọdún yẹn, láti ìgbà náà ni ó sì ti jẹ́ pé kọ́kọ́rọ́ àjùmọ̀lò nìkan ni ìrètí wà fún. Ìlà kan ni ó wà nínú ti àǹtí mi, kò sì parí sí t1. Hotspot fóònù ọmọ wọn ń ṣiṣẹ́ geerege ní ọjọ́ náà.

Ibí yìí ni ó yẹ kí n ti ṣàlàyé ìdí tí Ẹnjiníà kankan, bí ó ti wù kí ọwọ́ rẹ̀ mọ́ tó, kò fi lè já a. Ọ̀nà méjì ni wọ́n fi ń ti fáìlì pa. Ti àkọ́kọ́ ni Salsa20, ó yára, òun ni ó ń da inú fáìlì rú. Ti èkejì ni RSA oníbíìtì 2048, òun ni ó ń ti kọ́kọ́rọ́ ti àkọ́kọ́ mọ́lé. Kọ́kọ́rọ́ méjì ni RSA ní, ọ̀kan kò lè ṣe ju kí ó tì lọ, èkejì ni ó ń ṣí. Èyí tí ó ń tì ni ó wọ inú kọ̀ǹpútà wa. Èyí tí ó ń ṣí kò fi ọwọ́ àwọn ọ̀daràn sílẹ̀ rí. Kí a kó gbogbo kọ̀ǹpútà tí ó wà ní Yunifásítì Ìbàdàn jọ, kí wọ́n máa méfò kọ́kọ́rọ́ náà tọ̀sán-tòru, ọmọ ọmọ wa yóò darúgbó tí wọn kò ní tíì mú un.

Ọgbọ́n yìí kì í ṣe tuntun. Ní ọdún 1989 ni ọkùnrin ará Amẹ́ríkà kan, Joseph Popp, fi dísíìkì ránṣẹ́ sí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn nípasẹ̀ ilé ìfìwéránṣẹ́, ó ní ìmọ̀ nípa àrùn AIDS ni ó wà nínú rẹ̀, dísíìkì náà sì ń fi orúkọ fáìlì pamọ́ títí ẹni tí ó ni kọ̀ǹpútà yóò fi fi dọ́là 189 ránṣẹ́ sí àpótí ìfìwéránṣẹ́ kan ní Panama. Ọwọ́ tẹ̀ ẹ́. Ìtìpa tí ó lò rọrùn, wọ́n sì tú u. CryptoLocker, ransomware ti ọdún 2013, ni ó fi han àwọn ọ̀daràn pé bí ìtìpa gidi bá pàdé Bitcoin, kò sí àpótí ìfìwéránṣẹ́ tí ọlọ́pàá yóò lọ ba dè mọ́.

Ẹ jẹ́ kí n padà sí ohun tí a rí gbà, nítorí pé ó ju ohun tí mo retí lọ. Kí STOP lè tètè parí iṣẹ́ kí wọ́n tó rí i, kì í da gbogbo inú fáìlì rú. Nǹkan bí 150 KB àkọ́kọ́ nìkan ni ó ń fọwọ́ kàn, ìyókù wà bí ó ṣe wà. Ìwé Word tàbí Excel kì í sábà tó 150 KB, nítorí náà ó jẹ wọ́n tán. Àwòrán tí ó bá gba WhatsApp kọjá, tí WhatsApp sì ti fún un kéré, bẹ́ẹ̀ náà ni. Ṣùgbọ́n fídíò ìsìnkú bàbá tóbi gan-an, 150 KB kò sì tó ẹ̀kán nínú rẹ̀. Ètò kan wà tí ó ń jẹ́ Media_Repair, láti ọwọ́ DiskTuna, tí a lè gbà lọ́fẹ̀ẹ́, tí wọ́n ṣe nítorí irú fídíò àti ohùn tí STOP bá tì pa báyìí. Ó fẹ́ kí a fi fídíò mìíràn tí kámẹ́rà kan náà yà, tí kò ní àbùkù, han òun kí òun lè mọ bí ó ṣe yẹ kí iwájú fáìlì náà rí. A rí ọ̀kan gbà lọ́wọ́ ẹni tí ó ya fídíò náà. Ìbẹ̀rẹ̀ orin ìwọlé lọ díẹ̀, ìyókù pé.

Àwòrán tí wọ́n fi kámẹ́rà ńlá yà náà ṣeé tún ṣe ní ọ̀nà tí ó jọ èyí, nítorí pé ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn tó 5 MB. A lè mú orí fáìlì àwòrán mìíràn tí kámẹ́rà náà yà, kí a fi dípò èyí tí ó bàjẹ́. Kì í dára tán. Àwọ̀ lè yí padà, òkè àwòrán yóò sì ti lọ: nínú ọ̀kan, orí kánópì kò sí mọ́, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ olóògbé wà níbẹ̀ lórí ìjókòó pẹ̀lú aṣọ ẹbí wọn, ojú gbogbo wọn sì hàn kedere. Iṣẹ́ sùúrù ni, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni a ń ṣe é. Mẹ́mọ́rì káàdì kámẹ́rà náà ṣì wà pẹ̀lú. Wọ́n ti pa ohun tí ó wà lórí rẹ̀ rẹ́, àmọ́ PhotoRec, ètò tí a fi ń wá fáìlì tí wọ́n ti pa rẹ́, wá inú rẹ̀, ó sì kó ọ̀pọ̀ àwòrán jáde tí ẹnikẹ́ni kò rántí pé ó wà. Bí wọ́n bá ti ń lo káàdì náà lọ láti ìgbà yẹn, kì bá tí ṣẹ́ kù.

Ti àwọn àwòrán WhatsApp, tí ó bàjẹ́ jù lórí láptọ́ọ̀pù, ni ó rọrùn jù láti rí padà, nítorí pé inú fóònù gbogbo ẹbí ni wọ́n wà. Àǹtí mi kọ ọ́ sí gúrúùpù ẹbí pé kí ẹnikẹ́ni tí ó bá ní àwòrán ìsìnkú náà fi ránṣẹ́, fóònù wọn kò sì sinmi ní ọjọ́ náà. Àkọsílẹ̀ ìpàdé wà nínú gúrúùpù àwọn ìyá, nítorí pé ibẹ̀ ni wọ́n máa ń fi í sí fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́. Ìṣirò owó àjọ nìkan ni kò sí níbì kankan lórí ẹ̀rọ, ṣùgbọ́n olùkọ́ àtijọ́ ni wọ́n, wọ́n ní ìwé ńlá tí wọ́n fi ọwọ́ kọ gbogbo rẹ̀ sí kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́, láti inú rẹ̀ ni wọ́n sì ti tún un tẹ̀.

Ní ti owó tí wọ́n béèrè, n kò fara mọ́ sísan rẹ̀. Kò sí ẹni tí yóò bá yín mú ẹni tí ó gbowó tí kò sì fi kọ́kọ́rọ́ ránṣẹ́, owó náà sì ju iye láptọ́ọ̀pù náà fúnra rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n mo kórìíra àwọn kan ju àwọn tí ó rán ransomware náà lọ: àwọn tí wọ́n ń kiri orí íntánẹ́ẹ̀tì, tí wọ́n ń wí pé àwọn lè ṣí ohun gbogbo. Bí kọ́kọ́rọ́ bá jẹ́ ti kọ̀ǹpútà yín nìkan, ohun tí irú wọn lè ṣe kò ju méjì lọ, kí wọ́n lọ bá àwọn ọ̀daràn náà dúnàádúrà kí wọ́n sì fi èrè tiwọn lé e, tàbí kí wọ́n gba owó yín kí wọ́n sá lọ. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2020, ohun kan jáde tí ó pe ara rẹ̀ ní ètò tí ń ṣí fáìlì STOP. Ransomware mìíràn ni, Zorab, ó sì tún ti àwọn fáìlì tí wọ́n ti tì pa tẹ́lẹ̀ pa lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ ò rí i pé ayé bàjẹ́. Ojúlé Emsisoft fúnra rẹ̀ tàbí No More Ransom ni kí ẹ ti gba ètò ìṣí, kì í ṣe ìlinkì tí ẹnì kan fi ránṣẹ́.

Ohun kan wà tí ó ń bà mí lẹ́rù ju fáìlì lọ, tí àwọn ènìyàn kì í rántí nítorí pé kì í hàn. STOP kì í sábà dá wá. Ó máa ń mú ètò tí ń jí ọ̀rọ̀ aṣínà lọ́wọ́, bíi Azorult tàbí Vidar, èyí tí yóò kó gbogbo pásíwọ́ọ̀dù tí ẹ ti ní kí Chrome bá yín tọ́jú, yóò sì fi wọ́n ránṣẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó rí lẹ́tà mẹ́rin lẹ́yìn fáìlì. Ní ọjọ́ yẹn gan-an ni kí ẹ ti orí fóònù tàbí ẹ̀rọ mìíràn yí pásíwọ́ọ̀dù ímeèlì padà, ímeèlì ni kí ó ṣáájú, nítorí pé òun ni a fi ń gba àwọn yòókù. Kí ó kan ti báńkì, kí ó kan Facebook. Kí ẹ tan ìjẹ́rìísí onípele méjì. Kí ẹ wo inú WhatsApp bóyá ẹ̀rọ kan wà tí wọ́n so mọ́ ọn tí ẹ kò mọ̀. Àǹtí mi ní ó di ọjọ́ kejì, pé ó ti rẹ àwọn. Mo bẹ̀ wọ́n, a sì ṣe é ní alẹ́ ọjọ́ náà.

Nígbà tí a ti ṣe gbogbo èyí tán ni ọ̀rọ̀ fọ́ọ̀máàtì tó wá kàn, ohun tí mo sì sọ fún wọn ni pé kí a má fọ́ọ̀máàtì dísíìkì yẹn rárá. A yọ ọ́, a ra SSD kékeré kan, èyíinì dísíìkì irú tuntun tí ó yára, dípò rẹ̀, a sì fi Windows tuntun sórí SSD náà. Láptọ́ọ̀pù náà tilẹ̀ yá ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹni tí kò bá lówó SSD lè kó fáìlì tí wọ́n tì pa, _readme.txt kan àti PersonalID.txt sórí dísíìkì ìta. Kí ó má ṣe é láti inú Windows tí ó ní àrùn yẹn o. Linux, ètò tí ó lè dípò Windows, tí a ti orí fíláàṣì tan, ni kí ó fi ṣe é. Ìdí tí a fi ń tọ́jú wọn ni pé kọ́kọ́rọ́ máa ń jáde nígbà mìíràn lẹ́yìn tí gbogbo ènìyàn ti gbàgbé. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2016, àwọn tí ó ni ransomware kan tí ó ń jẹ́ TeslaCrypt fi ọwọ́ ara wọn gbé kọ́kọ́rọ́ àgbà rẹ̀ sílẹ̀, wọ́n sì tọrọ àforíjì. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2020, àwọn tí ó ni Shade, ransomware mìíràn, ti ìsọ̀, wọ́n sì kó kọ́kọ́rọ́ tí ó lé ní 750,000 síta. Ẹni tí ó ti fọ́ọ̀máàtì kò rí nǹkan fi kọ́kọ́rọ́ wọ̀nyẹn ṣe.

Fún ọjọ́ iwájú, inú Windows Security ni ohun kan wà tí wọ́n ń pè ní Controlled folder access, lábẹ́ Ransomware protection. Pípa ni wọ́n máa ń fi sílẹ̀. Bí ẹ bá tàn án, ètò tí Windows kò mọ̀ kò ní lè yí ohun tí ó wà nínú fódà Documents àti Pictures padà láìgba àṣẹ yín. Ó máa ń yọni lẹ́nu díẹ̀, yóò dá àwọn ètò tí kò ní ẹ̀bi dúró pẹ̀lú, Defender sì gbọ́dọ̀ máa ṣiṣẹ́ kó tó lè wúlò. Kò sì ran ẹni tí yóò pa Defender nítorí kíráàkì lọ́wọ́. Mo sọ fún àbúrò mi yẹn pé DaVinci Resolve ní ẹ̀dà ọ̀fẹ́ tí ó ju ohun tí iléèwé ń béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ lọ, àti pé Kdenlive wà fún láptọ́ọ̀pù tí agbára rẹ̀ kò tó. Ó ní òun kò tilẹ̀ mọ̀ pé irú rẹ̀ wà lọ́fẹ̀ẹ́.

Ẹ̀dà kejì ni ọ̀rọ̀ gan-an wà. Ohun tí mo bá àǹtí mi ṣètò ni háàdì dísíìkì ìta kan tí wọn yóò máa so mọ́ láptọ́ọ̀pù ní ìparí oṣù, lẹ́yìn ìpàdé, kí wọ́n kó ohun tuntun sí i, kí wọ́n sì yọ ọ́. Yíyọ yẹn ni ó ṣe pàtàkì jù. Dísíìkì tí ó ń gbé lára ẹ̀rọ nígbà gbogbo kì í ṣe ẹ̀dà, yóò bá ìyókù lọ. Àwọn ìwé kéékèèké, tí kò lè jẹ data púpọ̀, ń lọ sórí Google Drive, níbi tí 15 GB wà lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ fi sọ́kàn pé bí wọ́n bá ti fáìlì pa lórí láptọ́ọ̀pù, Drive lè gba èyí tí wọ́n tì pa náà sókè. Àmọ́ ó máa ń tọ́jú irú tí fáìlì jẹ́ tẹ́lẹ̀ fún 30 ọjọ́, ènìyàn sì lè lọ mú un níbẹ̀ bí ó bá tètè fura. Mo tún ní kí wọ́n máa ṣí fáìlì kan tàbí méjì lórí dísíìkì ìta náà kí wọ́n tó yọ ọ́, kí wọ́n rí i pé ó ṣí. Ní oṣù tó kọjá, ìwé ìpàdé kan kò ṣí. Ààyè orí dísíìkì náà ni ó ti kún pẹ̀lú fídíò, a sì rí i ní àkókò tí a ṣì lè tún un kó.